Abọ́ Ìyá Mi Lórí Iyanrìn

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn Gberefu, abúlé wa. Mo mọ aago náà nítorí pé mo wo fóònù mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì kí omi má baà ta sí i. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo fi òkèlè àkọ́kọ́ kan ẹnu.

Iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn ni láti máa yẹ omi wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún àwọn aráàlú. Wọn kò gbà mí láyè láti kọ pé omi kan mọ́ nítorí pé ó mọ́ lójú. Ohun tí mo bá rí, mo kọ pé mo rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, mo kọ pé wọ́n sọ ọ́. Ìwà náà ti wọ̀ mí lára débi pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni kò jẹ́ kí n pariwo.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro oúnjẹ náà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe nílé, pírọ́n ni mo máa ń sọ. Ẹni tí kì í ṣe ará etíkun Àgbádárìgì lè rò pé ẹ̀bà ni. Kì í ṣe ẹ̀bà. Omi ẹja la fi ń rò ó: ẹja tó jáde láti inú òkun láàárọ̀, tí a fi tòmátì, ata àti àlùbọ́sà sè, tí a yọ sọ́tọ̀, kí a tó máa ku gààrí sínú omi rẹ̀ lórí iná, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pupa tí yóò sì dì. Tó bá ti jinná, ìyá mi á fi ọmọrogùn gbá etí ìkòkò. Mo ti ń gbọ́ ìró yẹn létí mi láti Mowo, lójú ọ̀nà.

Ó pàdé mi lójú ọ̀nà, lábẹ́ àwọn igi àgbọn.

"Kúabọ̀, ọmọ mi. Wo bí o ṣe rù. Ṣé wọn kì í jẹun ní Ìbàdàn ni?"

"Wọ́n ń jẹun, Màámi. Òkun ni kò sí níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e ru orí bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní kó fi sílẹ̀. Èmi nìkan ló bí. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé girama, òun nìkan ló sì wà nínú ilé láti ìgbà tí mo ti lọ sí yunifásítì. Mo tẹ̀lé e, mo ń gbọ́ òórùn èéfín èèpo àgbọn láti ilé àwọn ará àdúgbò, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ṣàkíyèsí pé èéfín kankan kò jáde láti ààrò tí ìyá mi fi ń yan ẹja.

Ó gbá etí ìkòkò. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Pírọ́n náà pupa bó ṣe yẹ, ata tútù tó lọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja méjì tó dín sì wà lórí rẹ̀. Mo bu òkèlè, mo fi kan ẹja, mo jẹ ẹ́.

Kòtè ni.

Ẹni tí wọ́n fi ẹja tuntun tọ́ dàgbà kò ní ṣi kòtè inú firísà mọ̀. Ẹran rẹ̀ máa ń já bí aṣọ tó ti gbó, omi rẹ̀ sì máa ń mú adùn irin kan wá sẹ́nu. Mo jẹ òkèlè kejì kí n má baà fi ẹyọ kan dájọ́. Kòtè náà ni. Ẹja tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá láti ibi tí n kò mọ̀, tí wọ́n kó sínú yìnyín, tí ẹnìkan lọ rà ní ọjà Àgbádárìgì, tí ó wá fi ọkọ̀ gbé kọjá ọ̀sà wá sí abúlé tí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ òkun náà.

"Màámi, ẹja wo nìyí?"

"Ẹja ni."

"Ṣé inú àwọ̀n ló ti wá?"

"Jẹun, ọmọ mi. Ẹni tó ń jẹun kì í ṣe ìwádìí."

Mo jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé mo rin ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwo lọ síbi ìfọ̀, mo wo orí pẹpẹ. Abọ́ tánganran wa wà níbẹ̀, èyí tó ní òdòdó pupa nínú, tí etí rẹ̀ ti ṣá níbi tí bàbá mi ti jù ú lulẹ̀ nígbà kan. Àjákù aṣọ àti abẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ imú. Ọṣẹ ló ń rùn. Abọ́ yẹn kò rùn bí ọṣẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé abọ́ náà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Àwọ̀n ńlá kan ló wà ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ á gbé e lọ sínú òkun, á fi yí omi po, á sì mú àwọn okùn rẹ̀ padà sí etíkun níbi méjì. Gbogbo wa la máa ń fà á: ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọmọdé. Kí àwọ̀n tó jáde, ilé kọ̀ọ̀kan á ti gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ lórí iyanrìn, wọ́n á tò lọ bí eyín. Abọ́ tó bá wà lórí ìlà, ẹja á bọ́ sínú rẹ̀. Abọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ilé tí kò ní ọwọ́ ọ̀dọ́ lára okùn kò ní abọ́ lórí iyanrìn. Wọ́n yọ aláìsàn sílẹ̀, wọ́n yọ arúgbó tí kò lọ́mọ sílẹ̀, wọ́n sì yọ opó tí ọmọ rẹ̀ kò tíì dàgbà sílẹ̀. Orúkọ ìkẹyìn yẹn ni ìyá mi ti ń jẹ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ẹja náà ló ń yan lórí ààrò, òun ló ń gbé lọ sí ọjà, òun ló sì fi tọ́ mi.

"Ìgbà wo ni wọ́n gbé abọ́ wa kúrò?"

Ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Màámi."

"Láti ìgbà tí o ti parí ìwé," ló wí. "Wọ́n ní o ti dàgbà. Wọ́n ní ilé tó ní ọmọ tó jáde yunifásítì kì í ṣe ilé opó mọ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí mo ti pè é láti Ìbàdàn tí mo ní, "Ẹja ńkọ́, Màámi?" tó sì ń dáhùn pé, "Ẹja wà, ọmọ mi, ẹja pọ̀." Bí mo bá fẹ́ dá a láre, kò sọ pé ẹja wà nínú abọ́ wa. Inú bí mi gan-an. Lákọ̀ọ́kọ́, òun ni inú ń bí mi sí.

Àwòrán ìgbà tí mo wọ aṣọ dúdú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi férémù sí i. Òun ló ni àwọ̀n, Bàbá Aláwọ̀n ni gbogbo abúlé sì ń pè é. Bó ṣe wá yé mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ dúdú tó gbé kọ́ ara ògiri náà ló gbé abọ́ ìyá mi kúrò lórí iyanrìn. Ká ní mo kùnà nínú ìdánwò, tí mo sì padà wálé wá jókòó, ìyá mi ì bá ṣì máa jẹ ẹja. Mo yẹ gbólóhùn yìí wò dáadáa kí n tó kọ ọ́, n kò sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ sí etíkun. Ìyá mi ní kí n má lọ. Mo lọ.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Mo wọ àárín wọn, mo di okùn mú. Ọmọkùnrin kan tí a jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níwájú mi, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ yẹra o, yunifásítì dé. Ṣé wọ́n kọ́ ọ ní okùn fífà níbẹ̀?"

"Rárá. Ibí ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ìyá rẹ ṣì ń gbé ọ sá fún ìgbì."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. "Ó ti gba tirẹ̀," ọ̀kan nínú wọn wí. "Fa okùn, má fa ọ̀rọ̀."

A fà á. Okùn náà bó mi lọ́wọ́ kíá, nítorí ọwọ́ mi ti rọ̀. Oòrùn ti mú kí àwọ̀n tó jáde. Ṣawá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń kọ mọ̀nà, àwọn ọ̀bọ̀kún ńlá díẹ̀ wà níbẹ̀, àti akàn tó ń bínú. Òórùn yẹn ni mo rin ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀. Mo dúró, mo sì wo bí wọ́n ṣe ń pín in láti abọ́ dé abọ́. N kò gbé abọ́ wá. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ti fi ọ̀pá imọ̀ àgbọn sín ọ̀bọ̀kún méjì pọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀, mo sì gbà pé ayọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀tàn.

"Ọmọ mi, kúabọ̀. Gbà, gbé e lọ fún ìyá rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo kí i. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé ìpín wa ni, àbí ẹ̀bùn?"

"Ẹ̀bùn ni. Ta ló ń fi ìpín dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá?"

"N kò rí abọ́ ìyá mi lórí ìlà, Bàbá."

Àwọn tó ń kó ẹja gbójú sókè, ọwọ́ wọn kò sì dúró.

"Ìyá rẹ mọ ìdí rẹ̀."

"Ó ní nítorí pé mo parí ìwé ni."

"Ó sọ ìlàjì." Ó fi ìka tọ́ka sí abọ́ dúdú kan lórí ìlà. "Wo abọ́ yẹn. Ti bàbá sójà ni. Ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná, kò fa okùn láti ìgbà tí ó ti wọṣẹ́. Ṣé abọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀? Òwú ló ń fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá sí nílé, òwú àwọ̀n ni ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí òkun bá ya, a ó fi dí i. Mo sọ fún ìyá rẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní, sọ fún ọmọ rẹ kó fi ìdì òwú kan ránṣẹ́. Ó wò mí bíi pé mo bú u."

"Ẹ ní nọ́ńbà mi, Bàbá. Ẹ pè mí ní ọjọ́ ọdún tuntun, a sì pẹ́ lórí fóònù."

"Mo pè ọ́ láti gbàdúrà fún ọ. Ṣé inú àdúrà ni kí n ti máa tọrọ òwú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ń retí kí èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò rín in. Ọkùnrin tó lè fi ìdajì wákàtí gbàdúrà kí ilé mi má ṣófo, tó sì mọ̀ pé abọ́ ìyá mi ṣófo, kò dárúkọ rẹ̀ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo na ọ̀bọ̀kún méjèèjì padà sí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bó bá jẹ́ ìpín ni, màá gbà á."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba ẹja náà, ó sì padà sí ìdí àwọ̀n.

Ìròyìn ti dé ilé kí n tó dé.

"O dá ọ̀bọ̀kún padà?" ìyá mi ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ tí o rìn láti Ìbàdàn wá nítorí ẹja?"

"Ẹ mọ̀ nípa òwú, Màámi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó ní òun sọ fún yín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Ojú ọ̀nà ló sì ti sọ ọ́, níwájú èèyàn, bí ẹni ń sìn mí ní gbèsè."

N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n wà níbẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé kò sí èyí tó sọ fún mi nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdì òwú kan ṣoṣo ni.

"Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?"

Ó jókòó sórí àpótí. Kò bínú mọ́, ìyẹn sì burú fún mi ju ìbínú lọ.

"Èjìká ni bàbá rẹ fi ń ti ọkọ̀ àwọ̀n yẹn wọ òkun, láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin títí àìsàn fi dá a dúró. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ohun tó ti fi èjìká rà, ṣé kí n wá máa fi òwú tún un rà? Kòtè kò burú. Ó ń kún ikùn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni n kò tíì rí ìdáhùn sí. Bí mo bá ra òwú, ó dà bíi pé mo gbà pé èjìká bàbá mi kò tó. Bí n kò bá rà á, ìyá mi á máa wo èéfín ààrò ẹlòmíràn, á sì máa wọ ọkọ̀ lọ ra ẹja inú yìnyín títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Ilé tí kò ní abọ́ lórí ìlà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣíwọ́ pípè é. Àwọn obìnrin tó ń fa okùn máa ń mọ ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò wálé. Mo bi ìyá mi nípa àwọn aládùúgbò mẹ́ta. Kò mọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí nínú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo wọ ọkọ̀ kọjá sí Àgbádárìgì. Mo ra òwú àwọ̀n, aláwọ̀ ewé, èyí tó ki. Mo gbé e wálé, mo fi sórí tábìlì, mo sì sọ fún ìyá mi pé èmi ni mo rà á, èmi ni n ó sì mú un lọ. Ó wò ó. Ó gbé ìkòkò sórí iná. Kòtè la tún jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde, mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Abẹ́ àwòrán mi ló jókòó sí. Mo gbé òwú náà ka iwájú rẹ̀.

"Ti ìyá rẹ?"

"Tèmi ni, Bàbá. Ìyá mi kò jẹ yín ní òwú. Bàbá mi ti san tirẹ̀ tán."

Ó tú etí òwú náà, ó fi eyín kàn án, ó fà á lọ́wọ́ méjèèjì. "Òwú gidi ni," ló wí.

"Ṣé abọ́ wa á padà sórí ìlà?"

"Òwú ti dé. Abọ́ mọ ọ̀nà."

"Bàbá, ẹ má bínú, n kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni nínú ìyẹn, n kò sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ ni ọ́ délẹ̀délẹ̀."

Ìyẹn náà kì í ṣe ìdáhùn. Mo dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni, nítorí n kò ní padà wá kí n tó lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Mo dé ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi bó ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́. Ó ń ran aṣọ. Abọ́ òdòdó pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mú àjákù aṣọ jáde nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dá iṣẹ́ dúró.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí mo jí, ìyá mi kò sí nínú ilé. Ó ti da àjákù aṣọ àti abẹ́rẹ́ sórí ibùsùn rẹ̀. Orí pẹpẹ ṣófo. Mo gbé báàgì mi, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sí etíkun kí n tó lọ bá ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà.

Láti ìgbà náà, ìyá mi ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹja wà. Mo gbọ́ ọ, mo sì kọ ọ́ pé ó sọ ọ́.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nìyí. Àwọ̀n ṣì wà nínú òkun, kò tíì sún mọ́ etí. Ìyá mi wà lára okùn, ó kẹ́yìn sí mi, obìnrin kan níwájú rẹ̀ ń bá a sọ ohun kan tí ìgbì kò jẹ́ kí n gbọ́. Àwọn abọ́ ti tò sórí iyanrìn. Abọ́ tánganran tó ní òdòdó pupa wà láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ dúdú ti bàbá sójà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan etí rẹ̀ níbi tó ti ṣá. Tiwa ni. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ti ń pè láti ẹ̀yìn àwọn igi àgbọn, mo sì lọ.